Òkòtó Tín-ín-rín Inú Ọgbà Yín Kì í Ṣe Ọmọ Ìgbín

Ìyá kan tó ń sin ìgbín lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Òkè-Baálẹ̀ ló pè mí sórí fóònù. "Tíṣà, ẹ wá bá mi dúpẹ́ o, àwọn ìgbín mi ti pamọ!" Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń gé ìbẹ́pẹ wẹ́wẹ́ fún àwọn ọmọ náà, tó sì ń gún èèpo ẹyin kúnná kí ìkarahun wọn lè le. Mo dé ibẹ̀, mo ṣí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ, mo sì mú ẹyọ kan sí àtẹ́lẹwọ́. Ó tín-ín-rín, ó gùn, ṣóńṣó rẹ̀ mú, àwọ̀ rẹ̀ dà bí epo òróró tí wọ́n ta sí omi. Mo ní, "Mọ́mì, eléyìí kì í ṣe ọmọ. Ìyá ọmọ gan-an ni."

Kò kọ́kọ́ gbà. Èmi náà ò bá a jà, torí mo ti ṣe irú àṣìṣe yẹn rí, òdì kejì ẹ̀ ni tèmi. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo kó ọmọ ìgbín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sínú ìgò, mo sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẹ̀yà ìgbín kékeré ni. Ọ̀gá mi wò ó, ó ní, "Ka ìyípo rẹ̀." Mo ka iye ìgbà tí ìkarahun náà yí po, kò ju mẹ́ta lọ. Ojú tì mí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nìyẹn. Ìgbín kì í bọ́ ìkarahun kan sílẹ̀ kó wọ òmíràn. Ẹnu ìkarahun ló ti ń fi kún un, bí ẹni tó ń hun agbọ̀n láti ìdí wá sí etí. Ṣóńṣó tí ẹ̀ ń rí lókè yẹn ni ilé tó gbé wá láti inú ẹyin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ẹ máa ka ìyípo bọ̀ nísàlẹ̀. Ọmọ ìgbín ńlá tí à ń tà ní Ọjà Ọba, ìyẹn Archachatina marginata, máa ń rí rúbutú nígbà tó bá jáde, ìyípo rẹ̀ kò sì pọ̀. Eléyìí tó wà lọ́wọ́ mi, mo ka mẹ́sàn-án. Ọmọ ọwọ́ wo ló ń ní ìyípo mẹ́sàn-án?

Subulina octona ni àwọn onímọ̀ ń pè é. "Subula" lédè Látìn ni òòlu, irú èyí tí àwọn tó ń rán bàtà fi ń lu awọ, ìkarahun náà sì jọ ọ́ lóòótọ́. "Octona" jẹ mọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ará Faransé kan, Bruguière, ló sọ ọ́ lórúkọ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Tó bá dàgbà tán, ó lè gùn tó mìlímítà 14 sí 17, ìbú rẹ̀ ò sì ju bíi mìlímítà 4 lọ. Ọmọ ìgbín ńlá tó jáde lónìí lè sanra ju òun tó ti di ìyá lọ.

Mo tan iná fóònù mi sẹ́yìn ìkarahun náà, mo ní kí Mọ́mì wò ó. Ìkarahun rẹ̀ mọ́ gaara débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá. Ẹyin funfun mẹ́rin tò tẹ̀léra nínú ìyípo ìsàlẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Mọ́mì pariwo, ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kó wá wo ìgbín tó lóyún.

Oyún yẹn ò tilẹ̀ nílò ọkọ. Akọ ni, abo ni, bí ọ̀pọ̀ ìgbín orí ilẹ̀, àmọ́ òun lè dá ara rẹ̀ lóyún. Ẹyọ kan tó bá fara pamọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀ ìkòkò òdòdó ti tó láti dá ìlú sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà ló ti wá, kí ẹrù irúgbìn tó gbé e káàkiri ayé. Mo bi Mọ́mì bóyá ó ra òdòdó láìpẹ́. Ìkòkò méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ìgbín náà.

Ní ti ara, kò sí ohun tí ìgbín ńlá ní tí òun ò ní. Ìwo mẹ́rin: ojú wà lórí méjì tó gùn, méjì kúkúrú ló fi ń tọ́ ilẹ̀ wò, tó fi ń gbóòórùn. Ihò tó fi ń mí wà lápá ọ̀tún lẹ́bàá ẹnu ìkarahun, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà ló ti ń yàgbẹ́ (ẹ má bi mí pé ta ló ya ilé báyẹn). Ahọ́n rẹ̀ kún fún eyín wẹ́wẹ́, ó sì ń fi í họ oúnjẹ bí páànù tí à fi ń rin ẹ̀gẹ́.

Ìbátan ni wọ́n ní tòótọ́. Ìwé àtijọ́ fún un ní ìdílé tirẹ̀, Subulinidae, ṣùgbọ́n àwọn tó yẹ àbùdá wọn wò ti dà á pọ̀ mọ́ Achatinidae, ìdílé ìgbín ńlá. Ẹ wo ẹnu ìkarahun méjèèjì: igi àárín tí ìkarahun lọ́ mọ́ gé bú nísàlẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi ọ̀bẹ gé e. Òmíràn wà tó jọ ọ́, Allopeas gracile, tí igi tirẹ̀ ò gé. Tí ẹ bá sì rí èyí tó kúrú, tí ẹnu ìkarahun rẹ̀ ní nǹkan ṣóńṣó bí eyín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Gulella. Ẹran ìgbín ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ìyẹn ń jẹ.

Àwọn ìgbín tó kéré jù báyìí lọ ṣì wà. Ní 2015, wọ́n ròyìn Acmella nana láti Borneo, erékùṣù kan ní Éṣíà, ìkarahun rẹ̀ ò tó mìlímítà 1.

Abẹ́ ewé jíjẹrà, abẹ́ pákó, ẹ̀bá ibi tí omi balùwẹ̀ ń gbà: ibi tí òjìji àti ọ̀rinrin bá wà, ẹ máa bá wọn. Asẹ́ gàrí ni mo fi ń sẹ́ ewé tí mo bá ń wá wọn. Nígbà ọyẹ́, wọ́n á wọlẹ̀ lọ. Irú ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ló wà nínú Igbó Ọ̀ṣun, hẹ́kítà bíi 75 ní Òṣogbo tí UNESCO kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé ní 2005, tí ewé ń já lé ewé lórí láìsí ẹni tó ń gbá a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé asẹ́ yín débẹ̀.

Ṣé kí ẹ pa wọ́n? Ẹ ṣà wọ́n kúrò, kí wọ́n má bá ìgbín yín jẹun. Ẹ má da iyọ̀ sí ọgbà o, ti yín náà ló máa kú. Ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ fọ ẹ̀fọ́ dáadáa, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi wọ́n sẹ́nu: wọ́n wà lára àwọn tó lè gbé aràn ẹ̀dọ̀fóró eku, èyí tó lè ba ọpọlọ èèyàn jẹ́.

Mọ́mì dákẹ́ títí, ó ní, "Àwọn tèmi wá ńkọ́, àgàn ni wọ́n?" A fi ọwọ́ wú iyẹ̀pẹ̀ igun ọgbà níbi tó rọ̀. Kò jìn rárá tí a fi kan ẹyin márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó orí àtàǹpàkò. Mo bò wọ́n padà. Ó ní kí n má tíì lọ, ó wọlé lọ pọn omi gàrí.