Báwo ni àlùmíníọ́mù àti bàbà ṣe ń di ọ̀kan láìyọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń kọ́ ní Sábó, Ṣàgámù níbí. Mo jó àlùmíníọ́mù mọ́ bàbà, ó mú, àmọ́ bí mo ṣe fi òòlù kàn án báyìí, ó kán pẹ́ẹ́. Síbẹ̀ mo rí irin ẹnu wáyà tí àwọn oníná ń lò, apá kan àlùmíníọ́mù, apá kejì bàbà. Báwo ni wọ́n ṣe jó o?

Ìdáhùn: Àbúrò, ẹ̀bi rẹ kọ́. 660°C ni àlùmíníọ́mù ń yọ́, bàbà di 1085°C. Tí àwọn méjèèjì bá sì yọ́ pọ̀, ohun kẹta ni wọ́n ń bí: ó le, ṣùgbọ́n kò ṣeé tẹ̀, ńṣe ló ń fọ́ bí àwo tánganran. Ibẹ̀ ni òòlù rẹ gbà wọlé.

Èyí tí o rí yẹn, wọn ò jẹ́ kó yọ́ rárá. Fífi irin ra irin ni. Wọ́n á de ọ̀kan mọ́ ẹ̀rọ tó ń yí bíi léèdì àwọn tọ́nà, wọ́n á ti èkejì mọ́ ọn lójú. O mọ bí a ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra àtẹ́lẹwọ́ lásìkò ọyẹ́ kó lè móoru? Bẹ́ẹ̀ ni, títí àlùmíníọ́mù á fi rọ̀ bí ẹ̀bà. Wọ́n á dá yíyí dúró lójijì, wọ́n á wá tì í gírígírí. Èyí tó rọ̀ á fún jáde yí etí ká, á sì gbá èèpá tó bo ojú àlùmíníọ́mù lọ. Èèpá yẹn burú: kì í yọ́ títí iná fi kọjá 2000°C. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó ti parí.

Ìbéèrè: Ṣé ojú ibi tí wọ́n ti jó o kọ́ ló máa kọ́kọ́ já?

Ìdáhùn: Tí wọ́n bá ṣe é ire, àlùmíníọ́mù fúnra rẹ̀ ló ń já, torí òun ló rọ̀ jù. Ohun kẹta yẹn ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ó tínrín ju irun orí lọ dáadáa. Bí yíyí bá pẹ́ jù, á nípọn, ojú ìsopọ̀ á sì di ẹlẹgẹ́. Bí kò bá pẹ́ tó, èèpá ò ní kúrò tán. Mo fẹ́ kí èyí yé ọ gan-an, torí ọ̀pọ̀ rò pé bó bá ṣe gbóná tó ló ṣe máa lágbára tó.

Ìbéèrè: Ibo ni mo ti lè rí irú rẹ̀ nítòsí?

Ìdáhùn: Tọrọ fáàfù èéfín àlòkù, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tí èéfín ń gbà jáde nínú ẹ́ńjìnì, lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Yọ òòfà lára sípíkà tó ti bàjẹ́, fi kan ọ̀pá fáàfù náà, á gbá a mú. Fi kan orí rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ wọn, kò ní mú un. Irin méjì ni: orí jẹ́ èyí tí iná kì í tètè sọ di ahẹrẹpẹ, ọ̀pá jẹ́ èyí tí kì í tètè jẹ. Fífi irin ra irin ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìgbà 3000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 1500 ni fáàfù yẹn ń ṣí tó sì ń tì nínú iná, ojú ìsopọ̀ náà ò sì já.