Ta ló ní ẹni tó ní ìbọn jù ló máa ń borí?

Nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Pánsẹ́kẹ́, ní Abẹ́òkúta níbí, níbi tí àwọn èèyàn ti ń ka ojú ìwé àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láì ra ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ ogun kì í tán lẹ́nu. Nígbà tí Rọ́ṣíà wọ Ukraine ní oṣù Kejì ọdún 2022, ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ kan ti pọ̀ jù fún irú ogun bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ di oṣù, oṣù di ọdún. Àwọn tó sọ ọ́ kò yí ohùn padà, wọ́n kàn fi kún un pé Rọ́ṣíà ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jà ni.

Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn kò le láti lóye. Ẹni tó bá ní sójà, bàálù àti owó jù ni yóò borí. Bó bá wá fìdí rẹmi, a jẹ́ pé ó dẹwọ́ ni, tàbí àwọn tirẹ̀ ló dà á, tàbí àwọn tó bá jà ní oògùn. Àwa ọmọ Ẹ̀gbá tún ní tiwa lọ́tọ̀: Olúmọ ló jà fún wa. Ohun tó bí mi nínú sí gbogbo àwọn àlàyé yìí ni pé wọn kì í jẹ́ kéèyàn béèrè ohun tí oníkálukú ń torí ẹ̀ jà.

Ẹ jẹ́ ká mú "ó dẹwọ́" lákọ̀ọ́kọ́. Ogun Vietnam ni wọ́n máa ń fi gbè é lẹ́sẹ̀. Lọ́dún 1969, sójà Amẹ́ríkà tó wà ní Vietnam lé ní 540,000. Bọ́ǹbù tí bàálù wọn jù sí Vietnam, Laos àti Cambodia ju mílíọ̀nù 7 tọ́ọ̀nù lọ, ó ju ìlọ́po méjì èyí tí Amẹ́ríkà jù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọmọ Amẹ́ríkà tó lé ní 58,000 kú síbẹ̀, ti àwọn ará Vietnam sì wọ mílíọ̀nù. Ẹni tó bá pe èyí ní ìdẹwọ́, kí ló fẹ́ pe ìjà?

Òótọ́ ni pé wọn ò ju bọ́ǹbù átọ́míìkì. Ṣùgbọ́n Ṣáínà àti Rọ́ṣíà wà lẹ́yìn Vietnam, Amẹ́ríkà ò sì tíì gbàgbé Korea: níparí ọdún 1950, nígbà tí wọ́n sún mọ́ ààlà Ṣáínà jù, ńṣe ni àwọn ọmọ ogun Ṣáínà tú jáde lé wọn lórí. Ohun ìjà tí èèyàn kò lè lò torí ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè, ẹrù lásán ni lọ́jọ́ ìjà.

Ohun tó tiẹ̀ yẹ ká wò dáadáa ni oṣù Kìíní ọdún 1968. Lákòókò Tet, ìyẹn ọdún tuntun àwọn ará Vietnam, àwọn jagunjagun wọn já lu àwọn ìlú ńláńlá káàkiri gúúsù lẹ́ẹ̀kan náà. Tá a bá ka òkú, àwọn ni wọ́n pàdánù, torí Amẹ́ríkà lé wọn padà ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì kú. Ṣùgbọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń wo tẹlifíṣọ̀n nílé ti ń gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ogun ti fẹ́ tán. Wọ́n wá rí ìjà nínú ọgbà ẹ́ńbásì wọn gan-an ní Saigon, olú-ìlú gúúsù tí Amẹ́ríkà ń gbè lẹ́yìn. Nígbà tó máa fi di ìparí oṣù Kẹta ọdún yẹn, Ààrẹ Johnson ti sọ pé òun ò ní díje mọ́. Ní 1973, àwọn sójà wọn kó ẹrù wọn. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1975, Saigon ṣubú.

Lóṣù yẹn kan náà, Harry Summers, ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan, bá ọ̀gágun ará Vietnam kan sọ̀rọ̀ ní Hanoi. Ó ní Vietnam ò ṣẹ́gun àwọn rí lójú ìjà. Èkejì ronú díẹ̀, ó ní ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ náà.

Kí ló wá kàn án? Ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà adìrẹ lọ́jà Ìtòkú. Oníbàárà tó lè yíjú padà kó máa lọ ló ní agbára, ìyá tó ń tajà ni yóò pè é padà. Nínú ogun, ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ẹni tó lè yíjú padà lọ sílé ló máa lọ nígbẹ̀yìn, torí bí iye tó ń ná bá ti ju ohun tó ń wá lọ, kò sí ohun tó dè é mọ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n wá bá jà nílé ẹ̀ kò ní ibi tó fẹ́ yíjú sí. Kò di dandan kó ṣẹ́gun àlejò yẹn, kó má ṣáà tán kí sùúrù àlejò tó tán. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Bó ṣe rí fún Faransé ní Algeria nìyẹn: wọ́n fọ́ ẹgbẹ́ àwọn ajìjàgbara túútúú nínú ìlú Algiers ní 1957, wọ́n ní sójà tó lé ní 400,000 nílẹ̀, síbẹ̀ ní 1962 wọ́n kúrò. Rọ́ṣíà wọ Afghanistan ní 1979, ó jáde ní 1989. Amẹ́ríkà wọ ibẹ̀ kan náà ní 2001, ó lo ogún ọdún. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, àwọn Taliban wọ Kabul kí Amẹ́ríkà tó kó tán.

Ṣùgbọ́n kí ni mo ń rìn jìnnà sí? Ìlú tí mo wà yìí ti rí i.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 1851, Gezo ọba Dàhómì (lórílẹ̀-èdè Benin òde òní) kó ogun wá ká Abẹ́òkúta mọ́. Kì í ṣe ogun yẹpẹrẹ. Ọba kan ló ń pàṣẹ, ogun ni iṣẹ́ àwọn tó kó wá, àwọn obìnrin jagunjagun tí gbogbo etíkun ń bẹ̀rù sì wà nínú wọn. Ẹ̀gbá ńkọ́? Ìlú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ dó ní 1830 ni. Ṣódẹkẹ́ tó ṣáájú wọn débí ti kú ní 1845. Kò sí Aláké lórí oyè, 1854 ni Òkúkẹ́nù tó jẹ. Àwọn olóyè ogun láti ìlú kéékèèké tó kóra jọ sábẹ́ àpáta ló ń darí, wọn kì í sì í tètè gbọ́ra wọn yé, kódà lọ́jọ́ tí kò sí ogun. Mi ò ní pe Ẹ̀gbá ní aláìlágbára o, èrò wọn pọ̀, wọ́n sì mọ ìbọn yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ta tẹ́tẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Dàhómì ló máa mú.

Bí Dàhómì ṣe máa ń jà ni pé wọ́n á já lu ìlú ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí oorun tó dá lójú onílé. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n gba ìlú Ìṣàgá kọjá. Àwọn ará Ìṣàgá ṣe bí ẹni pé tiwọn ni wọ́n ń ṣe, wọ́n gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n lọ lójú ọ̀sán, wọ́n sì júwe ibodè tí wọ́n ní kí wọ́n gbà. Wọ́n wá yọ́ ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbá. Nígbà tí Dàhómì fi máa la odò Ògùn kọjá, àwọn Ẹ̀gbá ti tò sẹ́yìn odi níhà Arò pẹ̀lú ẹ̀tù àti ọta. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn tó wà lórí odi kò tètè mọ̀ pé obìnrin làwọn ń bá jà. Ìgbà tí wọ́n mú ọ̀kan lára wọn ni wọ́n tó rí i, ìyẹn sì ta wọ́n lára débi pé ńṣe ni wọ́n tún kọjú ìjà gidi. Dàhómì sá padà, òkú wọn sì sùn lọ bẹẹrẹ. (Ìṣàgá ló san gbèsè ẹ̀tàn yẹn: ní 1862, Glele ọmọ Gezo pa ìlú náà run.)

Glele náà wá fúnra ẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1864. Odi yẹn kan náà ló tún bá, Ìyáàfin Tinúubú sì wà nílùú tó ń pèsè ohun ìjà. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n fi wọ́n jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Ìjà náà ò pẹ́ rárá tí Dàhómì fi tún padà.

Abomey, olú-ìlú Dàhómì, ń dúró de Gezo, kò sí ohun tó bà á. Ẹrú ló wá kó, bí kò bá rí i kó níbí, ó lè lọ síbòmíràn. Àwọn Ẹ̀gbá ti sá kúrò nínú igbó Ẹ̀gbá nígbà tí ogun tú ìlú wọn ká, wọ́n tún sá kúrò ní Ìbàdàn. Ṣé Ìbàdàn ni wọ́n fẹ́ padà sí?

Ní ti Olúmọ, mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní fẹ́ gbọ́ èyí. Àpáta náà fi àwọn baba wa pamọ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, ẹnì kan ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ogun 1851 kò dé ìdí àpáta. Ara odi ni wọ́n ti pàdé rẹ̀, ìbọn ló sì dún. Ibi tí díẹ̀ lára ẹ̀tù yẹn ti wá náà wà nínú ìtàn: John Beecroft, kọ́ńsù Ìlú Ọba, wá sí Abẹ́òkúta ní oṣù Kìíní ọdún yẹn, Ìlú Ọba sì fi ohun ìjà ran Ẹ̀gbá lọ́wọ́. Kì í ṣe ìfẹ́ lásán. Gezo ò gbà láti dáwọ́ òwò ẹrú dúró, àwọn míṣọ́nnárì wọn sì wà láàrin wa. Ó ṣòro kí ẹ rí aláìlera tó borí tí kò ní ẹnì kan lẹ́yìn, bí Vietnam ṣe ní Ṣáínà, bí àwọn ará Afghanistan ṣe gba rọ́kẹ́ẹ̀tì ìjábàálù lọ́wọ́ Amẹ́ríkà láti 1986 fi bá Rọ́ṣíà jà.

Kí ẹnikẹ́ni má wá fò lọ sí òdìkejì, kó ní kékeré ló máa ń borí. Ivan Arreguín-Toft, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ka irú ogun yìí láti 1800 títí dé 1998: alágbára ló borí nínú bí ìdá 70 nínú 100. Lẹ́yìn 1950 nìkan ni àwọn tí kò lágbára borí ju ìdajì lọ. Dàhómì tó ń ba gbogbo ayé lẹ́rù, Faransé gbà á láàrin 1892 sí 1894.

Àwa náà jẹ ẹ́. Ní 1914, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba òmìnira Ẹ̀gbá. Ní 1918 wọ́n gbé owó orí tuntun dé. Lóṣù Kẹfà ọdún yẹn, Ogun Adubi bẹ́. Wọ́n hú irin rélùwéè, wọ́n gé wáyà, wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀, ọba Òkè-Ọnà. Òyìnbó kó àwọn sójà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun Ìlà Oòrùn Áfíríkà dé bò wọ́n, kò sì pẹ́ tí gbogbo ẹ̀ fi parí. Olúmọ wà níbẹ̀ lọ́dún 1918 náà. Ohun tí kò sí ni ẹni tó máa fún wọn ní ìbọn, odi tí wọ́n lè tò sẹ́yìn ẹ̀, àti àkókò. Òyìnbó ní tirẹ̀ ò ṣe tán láti lọ síbì kankan: bí Ẹ̀gbá bá mú un jẹ lórí owó orí, àwọn ìlú yòókù ń wò.

Láti 1947, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tún gbé ọ̀rọ̀ owó orí dìde, Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn. Wọn ò mú ìbọn kankan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn jókòó síwájú ààfin Aké, wọ́n sùn síbẹ̀ mọ́jú, wọ́n kọrin èébú, wọ́n sì padà wá. Ìbọn tó wà lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1918 ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ó tiẹ̀ ti pọ̀ sí i. Àmọ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí India ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ta ló fẹ́ yìnbọn lu ìyá ọlọ́jà torí owó orí? Ní oṣù Kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì gbé oyè sílẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 1950 ni Kábíyèsí tó padà wálé.