Àwọn ìṣòro ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì

Ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì kó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, girama àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga pọ̀, èyí tí owó ìjọba ìbílẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ń gbé ró ní ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní ìpínlẹ̀ náà. Láàárín àwọn ọmọ Yorùbá, Èkìtì lókìkí gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé, débi pé wọ́n máa ń fi ṣe àwàdà pé kò sí agbo ilé Èkìtì tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan kò ti jáde. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti àwọn ìjọ Ọlọ́run ló bí òkìkí yìí, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni àìtó olùkọ́, àìtó owó, ilé tó ti gbó àti ìnáwó tó ń wọ àwọn òbí lọ́rùn ń bá fínra lónìí. Nínú gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ olùkọ́ ló gba iwájú. Òrùlé tí ìjì bá ṣí ṣeé dá padà láàárín oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fi ọdún mẹ́ta jókòó sí kíláàsì tí kò ní olùkọ́ ìṣirò ti pàdánù ohun tí kọ́ńtírákítọ̀ kankan kò lè bá a tún ṣe.

Ìpìlẹ̀

Àwọn ìjọ Ọlọ́run ni wọ́n kọ́kọ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Èkìtì. Christ's School ní Adó-Èkìtì, tí Archdeacon Henry Dallimore dá sílẹ̀ ní ọdún 1933, ló lórúkọ jù nínú wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ tí ì bá máa bá bàbá wọn lọ sí oko kòkó ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ABD. Nígbà tí Adékúnlé Ajáṣin di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọdún 1979, tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ náà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nà dé girama.

Kì í ṣe ìjọba nìkan ló kọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló fẹ́ ní girama tirẹ̀: wọ́n dá owó nípasẹ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀, wọ́n mọ ilé, wọ́n sì kọ̀wé sí ìjọba pé kó rán olùkọ́ wá. Ìdí nìyí tí orúkọ bíi Community High School fi pọ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ náà. Ohun ìwúrí ni lásìkò náà, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tó mú kí olùkọ́ fọ́nká lónìí, nítorí pé ìlú méjì tí kò jìnnà síra lè ní girama méjì tí akẹ́kọ̀ọ́ wọn kò pọ̀, síbẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nílò olùkọ́ físíìsì, kẹ́mísìrì, ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba tó bá ní òun fẹ́ pa wọ́n pọ̀ yóò gbọ́ ọ lẹ́nu ọba, ìjòyè àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí ìlú fi ń pe ara rẹ̀ ní ìlú. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1996, ogún yìí ló jẹ, tòun ti gbèsè rẹ̀.

Olùkọ́

Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà sọ pé NCE, ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń gbà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, ni ó kéré jù lọ tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ní, ó sì fi akẹ́kọ̀ọ́ 35 sí abẹ́ olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí ènìyàn bá kàn ka iye olùkọ́ àti iye akẹ́kọ̀ọ́ papọ̀, ó lè rò pé kò sí ìṣòro. Ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ àti iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló fẹ́ wà ní Adó-Èkìtì tàbí ní ìlú ńlá bíi Ìkẹ́rẹ́ àti Ìkọ̀lé, níbi tí ọkọ tàbí aya wọn ti ń ṣiṣẹ́, tí ilé-ìwòsàn àti ọjà wà nítòsí. Ẹni tí wọ́n bá gbé lọ sí abúlé a máa wá ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè dá a padà, bí kò bá sì rí i ṣe, yóò máa wọkọ̀ láti Adó lójoojúmọ́. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ náà ti di ohun tí ń jẹ apá tó pọ̀ nínú owó oṣù àwọn mìíràn, èyí ló sì ń fa pípẹ́ dé ibi iṣẹ́ àti ọjọ́ tí wọn kì í wá rárá. Àwọn ìjọba tó ti jẹ ti gbìyànjú láti fi àjẹmọ́nú pàtàkì fa olùkọ́ lọ sí ìgbèríko, ṣùgbọ́n ipa rẹ̀ kì í pẹ́ bí owó ọjà bá ti gbé e mì.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé, ó wọ́pọ̀ kí olùkọ́ kan máa kọ́ kíláàsì méjì tàbí mẹ́ta nínú iyàrá kan. Yóò fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà gbọọrọ sí àárín pátákó, yóò kọ ìṣirò sí apá kan fún àwọn ọmọ ìwé kẹta, yóò sì kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ti ìwé kejì yóò dà kọ sí apá kejì. Bí ó ti ń bá àwọn kan sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ń dà á kọ, ẹni tí kò bá yé kò ráyè béèrè títí aago ìsinmi yóò fi lù. Ní girama, àìtó olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni ó le jù. Níbi tí ìjọba kò bá ti rán ẹnikẹ́ni wá, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ a máa gba ọ̀dọ́ kan tó jáde ní yunifásítì tàbí ọ̀kan tó ń sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀, wọn a sì máa dá owó díẹ̀ fún un lóṣooṣù. Olùkọ́ PTA ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òun ló ń dí àlàfo tó pọ̀ jù, òun náà ni kò ní owó ìfẹ̀yìntì, kò ní ìgbéga, bó bá sì ríṣẹ́ tó dára ju èyí lọ láàárín táàmù, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró.

Àjọṣe láàárín ìjọba àti àwọn olùkọ́ kò rọrùn rí ní Èkìtì. Ní ọdún 2012, ìjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí gbé ìdánwò kalẹ̀ fún àwọn olùkọ́, ó ní òun fẹ́ fi mọ ibi tí wọ́n ti nílò ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹgbẹ́ olùkọ́, NUT, kò gbà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ fi dá àwọn dúró lẹ́nu iṣẹ́, pé ìwọ̀sí sì ni kí olùkọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jókòó ṣe ìdánwò bí ọmọ ilé-ìwé. Nígbà tí Fáyẹmí fìdí rẹmi lọ́wọ́ Ayọ̀délé Fáyóṣé ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 nínú ìdìbò oṣù kẹfà ọdún 2014, ìbínú àwọn olùkọ́ wà lára ìdí tí àwọn olóṣèlú àti oníròyìn tọ́ka sí. Láti ìgbà náà, ìjọba tó bá fẹ́ fi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ìmọ̀ olùkọ́ máa ń rọra ṣe é. Lójú ẹni tó bá wò ó dáadáa, èyí kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní, nítorí pé olùkọ́ tó nílò ìrànwọ́ kò rí i gbà, ọmọ tó jókòó níwájú rẹ̀ kò sì ní ẹgbẹ́ tí yóò bá a jà.

Owó

Ọ̀nà tí owó ẹ̀kọ́ ń gbà wọlé lọ́jú pọ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan fún gbogbo ọmọ, ó sì ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ìjọba sọ́tọ̀ fún un. UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ló ń pín owó náà, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kò lè fọwọ́ kan ìpín ìkọ́lé rẹ̀ àfi bí òun náà bá kọ́kọ́ gbé iye kan náà kalẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí owó tó ń wọlé fún un lábẹ́lé kò tó nǹkan, bíi Èkìtì tí kò ní epo rọ̀bì tí kò sì ní ilé-iṣẹ́ ńláńlá púpọ̀, gbọ́dọ̀ yan láàárín kó san owó oṣù àti kó fi owó sílẹ̀ láti gba èyí tó wà ní Àbújá.

Owó oṣù àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tún yàtọ̀ sí ti àwọn olùkọ́ girama. Ìpín ìjọba ìbílẹ̀ ni ti àkọ́kọ́ ti ń jáde, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ń san ti ìkejì. Nígbà tí owó láti Àbújá já wálẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2015, owó oṣù wá di ajẹẹ́lẹ̀ ní Èkìtì, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ káńsù sì jẹ nínú ìyà náà gan-an. Ìdájọ́ tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ gbé kalẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí àpò wọn, mú inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn, ṣùgbọ́n ó kó ìpayà bá ẹgbẹ́ NUT. Àwọn àgbà inú wọn kò tíì gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí wọ́n fi ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn káńsù, tí owó oṣù kò jáde, tí ìyanṣẹ́lódì sì ti àwọn ọmọ mọ́lé.

Ìnáwó àwọn òbí

Lábẹ́ ìjọba Fáyóṣé láàárín ọdún 2014 sí 2018, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ń san owó kan tí wọ́n pè ní owó ìdàgbàsókè ètò ẹ̀kọ́. Nígbà tí Fáyẹmí padà dé ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, ó fọwọ́ sí àṣẹ tó fagi lé e, ó sì kéde pé ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan. Síbẹ̀, ọ̀fẹ́ kò túmọ̀ sí pé òbí kò ní náwó. Yunifọ́ọ̀mù wà, bàtà wà, ìwé kíkà àti ìwé àjákọ wà, bẹ́ẹ̀ ni owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí àga kò bá ti tó, wọn a ní kí ọmọ tuntun gbé àga wá láti ilé. Ètò oúnjẹ ọ̀sán tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016 fún àwọn ọmọ ìwé kìn-ín-ní sí ìkẹta ran àwọn òbí lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ wọ́n dá a dúró ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024.

Òbí tó bá ní agbára díẹ̀ ti mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Ní Adó-Èkìtì, ó ṣòro láti rí àdúgbò tí kò ní jẹ́léósinmi aládàáni. Àwọn ọmọ olùkọ́ ìjọba gan-an wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì máa ń sọ ọ́ ní gbangba. Àwọn tó kù sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni ọmọ àgbẹ̀, ọmọ ìyálọ́jà kéékèèké, ọmọ oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọmọ àwọn àlejò tó wá ṣiṣẹ́ oko, ìyẹn àwọn tí ohùn wọn kì í tètè dé etí aláṣẹ.

Ààbò

Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn agbébọn dá ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan lọ́nà ní Emùré-Èkìtì, wọ́n sì jí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ gbé. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n pa ọba méjì, Onímọ̀jò ti Ìmọ̀jò-Èkìtì àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn-Èkìtì. Wọ́n tú àwọn ọmọ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kejì. Kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù rẹ̀ kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìgbèríko kò ní ọgbà, igbó sì wà lẹ́yìn kíláàsì wọn. Ó tún di ìdí mìíràn tí olùkọ́ fi ń sá fún abúlé.

Ìdánwò àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga

Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà ní girama, ìdánwò WAEC àti NECO ló ń pinnu ẹni tí yóò tẹ̀ síwájú. Níbi tí kò bá sí olùkọ́ tàbí yàrá ìṣàyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì, àwọn òbí kan a máa mú ọmọ wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sanwó fún ìrànlọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Magomágo yìí wọ́pọ̀ káàkiri Nàìjíríà, Èkìtì kò sì mọ́ nínú rẹ̀.

Ní ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ìpínlẹ̀ náà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, EKSU, tí wọ́n dá sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ mìíràn ní ọdún 1982, àti yunifásítì ẹ̀kọ́ ti Bámidélé Olúmilúà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ìjọba àpapọ̀ ní Pólì ní Adó àti Yunifásítì Ọ̀yẹ́-Èkìtì, FUOYE, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011. Nígbà kan, yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ pé mẹ́ta, èyí tó ju agbára àpò rẹ̀ lọ, kí wọ́n tó pa wọ́n pọ̀ di EKSU ní ọdún 2011. Owó ilé-ẹ̀kọ́, àìtó ibùsùn àti iná mànàmáná ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ráhùn lé jù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ìwọ́de àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUOYE nítorí àìsí iná di rògbòdìyàn, ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ sì sọnù. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní ọdún 2022, tó gba oṣù mẹ́jọ, tún fa ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde sẹ́yìn. Láti ọdún 2024, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lè yá owó lọ́wọ́ àjọ NELFUND, tí ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ tààrà sí ilé-ẹ̀kọ́ wọn, tí ó sì ń fún ẹni tó bá béèrè ní owó ìjẹun.