Ẹ Pín Ìwọ̀n Kí Ẹ Tó Dárúkọ Ilé

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1975, ìjọba Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan dìde pé kó lọ wò ó bóyá ó ṣì yẹ kí Èkó máa ṣe olú-ìlú Nàìjíríà, bí kò bá sì yẹ mọ́, kó wá ibi tó yẹ. Adájọ́ Akinọlá Àgúdà ni alága, Tai Solarin sì wà lára àwọn ọmọ ìgbìmọ̀. Ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé parí, ọgbẹ́ rẹ̀ ò tíì jinná. Kò sí ìlú téèyàn lè dárúkọ nígbà náà tí apá kan orílẹ̀-èdè ò ní fura sí. Bó bá jẹ́ orúkọ ìlú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìjà ni ìpàdé àkọ́kọ́ ì bá dá sílẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n to àwọn nǹkan tó yẹ kí olú-ìlú ní, wọ́n sì pín 100 láàárín wọn, kí èyí tó ṣe pàtàkì jù gba púpọ̀ jù. Iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà ni mò ń pè ní ìwọ̀n. Kí ibẹ̀ wà ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè gba 22. Ìlera àti ojú ọjọ́ gba 12. Ilẹ̀ tó tó lò gba 10, omi náà gba 10. Kí ó ṣeé dé láti igun gbogbo gba 7. Ààbò gba 6, ohun ìkọ́lé tó wà nítòsí gba 6, kí èrò má pọ̀ níbẹ̀ náà gba 6. Iná mànàmáná gba 5, bí omi òjò ṣe máa rọ́nà ṣàn lọ gba 5. Irú erùpẹ̀ ibẹ̀ àti ìrọ̀rùn ìṣètò ìlú gba 4 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìrẹ́pọ̀ àwọn ẹ̀yà gba 3. Ẹ rò ó pọ̀, 100 géérégé ni. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, wọ́n ti jábọ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, òfin jáde tó ya ilẹ̀ Àbújá sọ́tọ̀, ìjọba sì kó kúrò l'Ékòó lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991.

Irú iṣẹ́ yẹn ni mò ń ṣe. Mo máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ilé-iṣẹ́ kéékèèké àti ìdílé jókòó nígbà tí ohun tí wọ́n ń fẹ́ bá ń ta ko ara wọn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo, ṣùgbọ́n ta ló ń wá ilé tó ń lé eku ẹyọ kan? A fẹ́ kó pọ́ọ́kú, a fẹ́ kó sún mọ́ ibi iṣẹ́, a fẹ́ kí omi má wọ̀ ọ́. Mi ò tíì rí ilé tó fún èèyàn ní gbogbo rẹ̀.

Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ yìí, tó sì ká mi lára, ni pé àwọn èèyàn máa ń jà lórí orúkọ nígbà tó jẹ́ pé ìwọ̀n ni wọn ò fẹnu kò lé. Ẹnì kan ń sọ pé Ìkòròdú, ẹnì kejì ń sọ pé Agége, kò sì sí ẹni tó bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì pé, "Kí ló ṣe pàtàkì sí ọ tó bẹ́ẹ̀?" Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún wọn pé kí wọ́n pín ìwọ̀n kí orúkọ kankan tó jáde. Tí ọkàn yín bá ti wà lára ilé kan, ẹ máa pín ìwọ̀n lọ́nà tí ilé yẹn á fi borí, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ohun tí ẹ ń ṣe nìyẹn.

Kí n tó fi àpẹẹrẹ ilé hàn yín, ẹ jẹ́ ká tún yẹ ìwé ìgbìmọ̀ Àgúdà wò, torí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ pọ̀. Ẹlòmíràn á rí 3 tí wọ́n fún ìrẹ́pọ̀ ẹ̀yà, á ní àwọn wọ̀nyí ò mọ ibi tí bàtà ti ń ta orílẹ̀-èdè lẹ́sẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tó wà láàárín gbùngbùn, tí kì í ṣe ìlú ẹ̀yà ńlá kankan, ti gbé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀ sínú 22 tirẹ̀. Àmọ́ èyí náà ló fi àléébù kan hàn: ibi tó wà láàárín ló máa ń rọrùn láti dé láti igun gbogbo, nítorí náà 22 àti 7 fẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun kan náà tí a kà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ń to nǹkan tiyín, ẹ máa ṣọ́ èyí. Ẹni tó kọ "owó ilé" tó tún kọ "kó má ni wá lára" ti fún owó ní ìwọ̀n méjì.

Ohun tí kò sí níbẹ̀ ló tún dùn mí jù. Ẹ wo àwọn nǹkan mẹ́tàlá náà dáadáa: iye tí kíkọ́ ìlú náà máa jẹ kò sí lára wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Gbagyi, ẹ̀yà kan lára àwọn tó ni ilẹ̀ náà. Pé wọn ò pọ̀ níbẹ̀ di àǹfààní fún ilẹ̀ náà, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí wọn kò sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ṣí wọn nídìí, wọ́n kó àwọn kan nínú wọn lọ sí Kubwa, ní agbègbè Àbújá kan náà. Ohun tí a kò bá kọ, òdo la fún un, ẹnu wa ò sì ní sọ ọ́ síta láéláé pé òdo ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú tọkọtaya kan. Ìyàwó ń ṣiṣẹ́ ní Marina, ọkọ ń ṣe òwò tirẹ̀ nílé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti rí ilé mẹ́ta. Ká sọ pé ti Ìkòròdú jẹ́ ₦900,000 lọ́dún, ti Agége ₦1,500,000, ti Sùúrùlérè ₦2,400,000. Láti Ìkòròdú dé Marina jẹ́ ìṣẹ́jú 150 ní òwúrọ̀, láti Agége 90, láti Sùúrùlérè 50. Ilé Ìkòròdú wà lórí òkè, àgbàrá ò lè dé ibẹ̀. Ti Agége, omi máa ń dúró sí àdúgbò. Ti Sùúrùlérè, bí òjò bá rọ̀, ẹnu ọ̀nà gan-an ni àgbàrá ń gbà.

Ẹ fún èyí tó dáa jù nínú ohun kọ̀ọ̀kan ní máàkì 100, kí ẹ fún èyí tó burú jù ní 0. Ní ti owó, Ìkòròdú gba 100, Sùúrùlérè gba 0. Agége gba 60, torí ₦900,000 ló fi dín sí ti Sùúrùlérè nínú ₦1,500,000 tó wà láàárín èyí tó wọ́n jù àti èyí tó pọ́ọ́kú jù. Ní ti ìrìn, Sùúrùlérè 100, Agége 60, Ìkòròdú 0. Ní ti àgbàrá, tí a kàn fojú díwọ̀n, Ìkòròdú 100, Agége 40, Sùúrùlérè 0.

Ó wá ku ìwọ̀n. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ má bèèrè pé, "Ṣé owó ṣe pàtàkì?" Kò sẹ́ni tó máa sọ pé kò ṣe pàtàkì. Ẹ bèèrè báyìí: ká ní ilé tó burú jù nínú ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ bá ara yín, ₦2,400,000, ìṣẹ́jú 150, àgbàrá lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n wá ní kí ẹ mú ẹyọ kan ṣoṣo kí wọ́n bá yín sọ ọ́ di èyí tó dáa jù, èwo lẹ máa mú? Èyí tí ẹ bá mú ló ní ìwọ̀n tó ga jù. Èyí tí ẹ bá mú tẹ̀ lé e ló ṣìkejì.

Ìdí tí mo fi ń béèrè lọ́nà yẹn ni pé ìwọ̀n kì í dá dúró, ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ilé ló ń gbé e ró. Ká ní ₦1,500,000, ₦1,550,000 àti ₦1,600,000 ni àwọn ilé náà, èyí tó pọ́ọ́kú jù á ṣì gba 100, èyí tó wọ́n jù á ṣì gba 0. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n 50 sí owó torí pé "owó ló ṣe kókó" ti jẹ́ kí ₦100,000 péré pinnu ibi tí ìdílé rẹ̀ máa gbé. Mo ti rí èyí lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá.

Ìyàwó ronú, ó pín tirẹ̀: ìrìn 45, owó 35, àgbàrá 20. Ọkọ pín tirẹ̀: owó 50, ìrìn 30, àgbàrá 20. Ẹ fi ìwọ̀n sọ máàkì kọ̀ọ̀kan di púpọ̀, ẹ pín in sí 100, kí ẹ rò ó pọ̀. Lọ́dọ̀ ìyàwó, Agége gba 56, Ìkòròdú 55, Sùúrùlérè 45. Lọ́dọ̀ ọkọ, Ìkòròdú gba 70, Agége 56, Sùúrùlérè 30.

Ká ní Sùúrùlérè ni ìyàwó ti ń fà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n tí òun fúnra rẹ̀ pín ló fi í sí ìkẹyìn. Kí wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀, wàhálà kan ti tán. Ẹ sì má jẹ́ kí 56 àti 55 tàn yín jẹ. Ìyàtọ̀ máàkì kan ò túmọ̀ sí nǹkan kan; ẹ yí ìwọ̀n díẹ̀, á yí padà. Ohun tí ìṣirò yẹn ń sọ ni pé ìyàwó ò rí ìyàtọ̀ gidi láàárín Agége àti Ìkòròdú, ọkọ ló rí i.

Ohun tó ṣẹ́ kù láàárín wọn ò ju ẹyọ kan lọ: èló ni wákàtí kan lójú ọ̀nà? Agége fi ₦600,000 wọ́n ju Ìkòròdú lọ lọ́dún. Ó fi wákàtí kan dín ìrìn kù ní àlọ, wákàtí kan ní àbọ̀. Bí ìyàwó bá ń lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ 240 lọ́dún, wákàtí 480 nìyẹn. Ẹ pín owó náà sí i: ₦1,250 fún wákàtí kan, tí a bá sì yọ owó ọkọ̀ tó dín kù, kò tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí ọkọ àti ìyàwó lè jókòó dáhùn láìbínú nìyẹn: ṣé a lè san ₦1,250 kí ìyá àwọn ọmọ lè fi wákàtí kan pẹ́ sí i nílé, kí a sì fara mọ́ omi tó ń dúró sí àdúgbò?

Àwọn ìlànà mìíràn wà. Thomas Saaty ní Amẹ́ríkà gbé èyí tí wọ́n ń pè ní AHP jáde ní àwọn ọdún 1970: ẹ máa fi nǹkan méjì wé ara wọn lẹ́ẹ̀kan, láti 1, tí méjèèjì bá dọ́gba, dé 9, tí ọ̀kan bá ṣe pàtàkì ju èkejì lọ jìnnà. Ó wúlò, torí ó ń tú èèyàn fó bó bá ní owó ju ìrìn lọ, ìrìn ju àgbàrá lọ, tó tún padà ní àgbàrá ju owó lọ.

Àmọ́ ewu kan wà nínú ìṣirò àròpọ̀, òun ni pé ohun rere máa ń bo ohun burúkú mọ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó fẹ́ ra ilẹ̀ lè rí èyí tó pọ́ọ́kú, tó wà létí títì, tó tẹ́jú, tí máàkì rẹ̀ á ga ju gbogbo ìyókù lọ, síbẹ̀ kó jẹ́ ilẹ̀ tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ò yẹ kó dé orí ìwé máàkì rárá. Bernard Roy ní ilẹ̀ Faransé ti rí èyí láti àwọn ọdún 1960. Ìlànà ELECTRE tó gbé kalẹ̀ fàyè gba kí àbùkù kan ṣoṣo tó bá ti pọ̀ jù dí nǹkan lọ́wọ́ láti borí, bó ti wù kí ìyókù rẹ̀ dára tó. Ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí ẹ ò lè gbà láéláé, ẹ yọ èyíkéyìí tó bá rékọjá rẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín máàkì. Bí àgbàrá Sùúrùlérè yẹn bá ń wọ yàrá tí ọmọ ń sùn, kò sí ohun tí a fẹ́ ṣírò nípa rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹbí àti ti ẹgbẹ́ ló kù. Nílẹ̀ wa, bí Bàbá tàbí Ìyá Ẹgbẹ́ bá ti ní "èmi rò pé owó ló ṣe pàtàkì jù," ìwọ̀n gbogbo ẹni tó jókòó níbẹ̀ ti di ìkan náà, torí ọ̀wọ̀. Ẹ pín bébà kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, kí kálukú pín 100 tirẹ̀ láìwo ti ẹnì kejì, àgbà náà á kọ tirẹ̀, kí akọ̀wé gbà á láìsí orúkọ. Ẹ wá kọ iye tó kéré jù àti iye tó pọ̀ jù tí ohun kọ̀ọ̀kan gbà sójú pátákó. Ibi tí méjèèjì ti jìnnà sí ara wọn jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí kọ́kọ́ sọ tirẹ̀.