Pọ́lísítáírìn alárọ́bà

Pọ́lísítáírìn alárọ́bà, tí àwọn oníṣẹ́ ike mọ̀ sí HIPS (high-impact polystyrene), jẹ́ àpòpọ̀ pọ́límà méjì, ìyẹn ohun tí mólékù rẹ̀ gùn bí okùn: pọ́lísítáírìn àti rọ́bà. Dípò kí a yọ́ méjèèjì pọ̀ lórí iná, inú sítáírìn olómi, èyí tí a fi ń ṣe pọ́lísítáírìn, ni a ti ń po rọ́bà pọlibutadáyín títí yóò fi yòrò, lẹ́yìn náà ni a ó jẹ́ kí sítáírìn náà fúnra rẹ̀ so mọ́ra di pọ́límà. Ilé-iṣẹ́ Dow bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Amẹ́ríkà ní 1948. Ara rẹ̀ ni a fi ń ṣe ike inú fìríìjì àti ife yógọ́ọ̀tì. Rọ́bà tó wà nínú rẹ̀ kì í sábà ju ìdá 10 nínú 100 lọ, síbẹ̀ òun ni kì í jẹ́ kí ike náà fọ́ bíi dígí.

Okùn mólékù pọ́límà gùn débi pé oríṣi méjì kì í fẹ́ wọnú ara wọn. Nítorí náà, kò pẹ́ rárá tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ tí omi tó mọ́ gaara yóò fi dà bí omi ògì: ẹ̀kán pọ́lísítáírìn ti ń yọ nínú omi rọ́bà nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i, wọn yóò gba àyè tó èyí tí rọ́bà gbà, ibẹ̀ sì ni nǹkan ti ń yí padà, tí rọ́bà tó yí wọn ká tẹ́lẹ̀ yóò wá di hóró kéékèèké láàárín pọ́lísítáírìn. Bí a kò bá máa po omi náà dáadáa ní àkókò yìí, rọ́bà yóò wà bí àwọ̀n káàkiri, ike náà kò sì ní dára fún iṣẹ́.

Nígbà ìyípadà yìí, rọ́bà máa ń há díẹ̀ nínú pọ́lísítáírìn mọ́ inú, nítorí náà hóró rẹ̀, tó sábà máa ń fẹ̀ tó máíkírómítà kan sí mẹ́wàá (ẹgbẹ̀rún máíkírómítà ni mílímítà kan), ń gba àyè ju bí ìwúwo rọ́bà ti tó lọ. Àwọn okùn sítáírìn tó hù lára rọ́bà ló ń so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ bí ìránṣọ.

Láti rí ètò yìí, a máa ń fi kẹ́míkà osmium tetroxide kun ike náà, a ó sì gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún awò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, èyí tó ń mú ohun tó kéré gan-an tóbi lójú. Rọ́bà nìkan ni oògùn náà ń so mọ́, tí yóò fi dúdú. Ẹ̀rí mìíràn pé méjèèjì kò di ọ̀kan wà nínú ooru: rọ́bà ń rọ̀ ní ìsàlẹ̀ −80 °C, pọ́lísítáírìn ní nǹkan bí 100 °C, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ti di ọ̀kan ni, ìwọ̀n ooru kan ṣoṣo ni wọn ì bá ti máa rọ̀.