Tissue culture igi gẹdú (ìyẹn títọ́ ègé igi bíńtín nínú ìgò ní làbù títí á fi di igi tuntun): kí gan-an ni họ́mọ́ọ̀nù ń ṣe nínú ìgò yẹn?

Tí wọ́n bá ti ní wọ́n fi họ́mọ́ọ̀nù tọ́ igi ní làbù, ohun tọ́pọ̀ èèyàn máa ń rò ni pé ṣe ni wọ́n gún igi náà lábẹ́rẹ́ kó lè ga fíofío kíákíá. Rárá o. Bí eucalyptus, poplar àti mẹláínà ṣe ń yára dàgbà yẹn, àbímọ́ wọn ni. Iṣẹ́ tí họ́mọ́ọ̀nù ń ṣe ni pé ó ń sọ fún ègé igi bíńtín bóyá kó yọ ẹ̀ka tàbí kó ta gbòǹgbò.

Ẹ wò ó, ká ní igi kan wà tó tọ́ gbọọrọ, tí pákó ẹ̀ dáa gan-an, tẹ́ ẹ bá ṣa èso ẹ̀ gbìn, àwọn ọmọ ẹ̀ ò ní jọ ọ́ délẹ̀ torí igi méjì ló sábà máa ń pàdé nínú èso, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gé lára òun fúnra ẹ̀, òun náà lẹ máa rí. (Àìsàn tó bá pa ọ̀kan lè pa gbogbo wọn o, torí náà kéèyàn má fi ọmọ igi kan ṣoṣo kún oko.)

Wọ́n á gé ọ̀mùnú tó ní ojú kan (ibi tí ẹ̀ka tuntun ti máa ń yọ), bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì, wọ́n á fi bílíìṣì fọ̀ ọ́, wọ́n á wá tì í bọ inú ìgò tí oúnjẹ ẹ̀ ti dì bíi ẹ̀kọ, iyọ̀ oríṣiríṣi wà níbẹ̀, ṣúgà náà wà níbẹ̀, 30 gíráàmù nínú lítà kan. Ìlànà oúnjẹ tí àwọn onímọ̀ ewéko méjì, Murashige àti Skoog, gbé jáde lọ́dún 1962 lọ̀pọ̀ ṣì ń tẹ̀ lé. Ṣúgà yẹn ni wàhálà, torí olú tó ń mú kí nǹkan bu náà fẹ́ràn ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ooru 121°C se oúnjẹ yẹn, tí ẹyọ kòkòrò àìfojúrí kan bá ráyè wọlé, kò ní pẹ́ tí nǹkan funfun bí òwú á fi bo ìgò náà, dídà nù ló kù.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Họ́mọ́ọ̀nù méjì ló ṣe pàtàkì, auxin àti cytokinin. Lọ́dún 1957, Skoog àti Miller fi tábà hàn wá pé bí wọ́n ṣe pọ̀ tó síra ló ń pinnu: tí cytokinin bá pọ̀ jù, ẹ̀ka á máa rú, tí auxin bá pọ̀ jù, gbòǹgbò ló máa ta, tí wọ́n bá sì fẹ́ẹ̀ dọ́gba, ó kàn máa wú ṣáá ni, kókó tí kò lójú tí kò nímú. Nǹkan bíi mílígíráàmù kan nínú lítà kan ti tó! Tí cytokinin bá ti kọjá àyè ẹ̀, ewé á rí bíi gíláàsì, omi á kún inú ẹ̀, irú ẹ̀ kì í sábà yè níta.

Ká ní ẹ̀ka kan ń di mẹ́ta nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gé e pín sínú ìgò tuntun, ẹ̀ẹ̀mẹfà péré, ó ti di 729. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fún un ní auxin kó ta gbòǹgbò.

Ìgbà tí wọ́n bá ń kó o jáde ló ń kú jù. Ọ̀rinrin ló ti ń gbé látọjọ́ yìí, ìda tó yẹ kó bo ewé ẹ̀ ò tó nǹkan, àwọn ihò kéékèèké ara ewé ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa dé, tẹ́ ẹ bá gbé e sóòrùn báyìí, kó tó dìrọ̀lẹ́ ó ti rọ. Wọ́n á rọra fọ oúnjẹ ìgò kúrò nídìí ẹ̀ kó má bàa bu, wọ́n á fi nálọ́ọ̀nù bò ó, wọ́n á máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ewé inú ìgò lè gbẹ dà nù, ẹ má fòyà, ewé tuntun tó bá yọ níta ni kẹ́ ẹ máa wò, òun ló ní ìda tirẹ̀.