Funfun Lọ́tọ̀, Aláwọ̀ Lọ́tọ̀: Kò Tíì Tó

Ẹ bi ẹnikẹ́ni bó ṣe ń ṣa aṣọ kó tó kó o sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, yóò ní òun a máa ya funfun sọ́tọ̀, òun a ya aláwọ̀ sọ́tọ̀, ó parí. Kò burú. Ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ àgbàfọ̀ tí mò ń ṣe, aṣọ tí wọ́n ń gbé wá pé ẹ̀rọ bà jẹ́, àwọ̀ kọ́ ló sábà máa ń pa á lára. Bùláòsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bá jíǹsì wọ ẹrù kan náà, tí jíǹsì sì lù ú títí tó fi ya. Tàbí kó jẹ́ súwẹ́tà ló bá aṣọ ìnura wọ omi gbígbóná. Ohun tí èmi ń tẹ̀ lé ni pé aṣọ tó jẹ́ ẹlẹgẹ́ jù nínú ẹrù ló ń pinnu bí a ó ṣe fọ gbogbo rẹ̀. Bí ìyókù kò bá lè mọ́ lọ́nà tí ẹlẹgẹ́ yẹn fẹ́, ẹ yà wọ́n.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo àmì kékeré tí wọ́n rán mọ́ ọrùn tàbí ẹ̀gbẹ́ aṣọ nínú. Ẹ ó rí àwòrán ọpọ́n omi kan níbẹ̀. Nọ́ńbà inú rẹ̀, 30, 40 tàbí 60, ni ooru tó ga jù tí aṣọ náà lè gbà. Kì í ṣe pé dandan ni kí ẹ gbé omi dé ibẹ̀ o, òpin ni. Ìlà kan lábẹ́ ọpọ́n túmọ̀ sí pé kí ẹ̀rọ rọra yí, ìlà méjì sì ní kó rọra gan-an. Bí ẹ bá rí ọwọ́ nínú ọpọ́n, ọwọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Bí ìlà méjì bá dábùú ọpọ́n náà, ẹ má fọ̀ ọ́ rárá. Àwọn kan máa ń gé àmì yìí dànù torí pé ó ń yún wọn lọ́rùn. Ẹ gé e, àmọ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ná.

Aṣọ irun àgùntàn ló ṣòro fọ̀ jù. Fọ́nrán rẹ̀ ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ lára. Tí omi, ooru àti fífi ara gbo ara bá pàdé, àwọn ìpẹ́ náà á so kọ́ra, aṣọ á sún kì. Kò sí bí ẹ ṣe lè nà án tí yóò padà sí bó ṣe wà.

Aṣọ ìnura náà, ẹ jẹ́ kó dá wà. Ó máa ń gbọn òwú wẹ́wẹ́ sílẹ̀, ṣòkòtò dúdú tó bá sì bá a wọlé, iṣẹ́ ọjọ́ kejì ni kí ẹ máa ṣa òwú lára rẹ̀.

Ní ti àwọ̀, aṣọ tuntun ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ fi omi rin ibi ìṣẹ́po etí rẹ̀ nínú, kí ẹ wá fi hánkáṣíìfù funfun tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Bí hánkáṣíìfù bá gba àwọ̀, ẹ dá aṣọ náà fọ̀ títí àwọ̀ kò fi ní jáde mọ́. Aró jíǹsì, ara òwú lóde ló dúró sí, kì í wọ inú òwú lọ tán. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣí fún ìgbà pípẹ́, tí a sì fi ń yí inú rẹ̀ síta ká tó fọ̀ ọ́. Àwọn tó ń da iyọ̀ sómi kí aró má bàa ṣí, iyọ̀ lásán ni wọ́n ń fi ṣòfò.

Ẹ̀jẹ̀, ẹyin àti wàrà, omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣan wọ́n, torí omi gbígbóná á sè wọ́n mọ́ aṣọ lára. Aṣọ tí epo pẹtiróòlù tàbí kẹrosíìnì dà sí kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀rọ rárá. Ó lè gbiná.

Ẹ tú àpò wò: ẹyọ tíṣù kan tó láti ba gbogbo ẹrù jẹ́. Ẹ fa síìpù dé òkè, kí eyín rẹ̀ má bàa ha aṣọ mìíràn. Bọ́tìnì ní tirẹ̀, ẹ tú u, torí bí ẹ̀rọ bá ń yí, ojú bọ́tìnì ló máa ń ya. Kọ́mú àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé, inú àpò àwọ̀n ni.

Ó ku bí ẹrù ṣe máa pọ̀ tó. Bí wọ́n bá kọ kílò 7 sára ẹ̀rọ, aṣọ òwú gbígbẹ ni wọ́n ń sọ. Èmi kì í wọn aṣọ. Mo máa ń ki ọwọ́ bọ àárín òkè aṣọ àti òrùlé ìlù ẹ̀rọ, ìyẹn ihò roboto tí aṣọ ti ń yí. Bí ọwọ́ kò bá ráyè, aṣọ ti pọ̀ jù nìyẹn, ọṣẹ kò sì ní ṣàn kúrò lára wọn. Pọ́líẹ́sítà kò yẹ kó ju ìdajì ìlù lọ, irun àgùntàn kò sì yẹ kó ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ má fi aṣọ wúwo kan ṣoṣo sínú rẹ̀ náà. Ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò rọ̀ sí, ẹ̀rọ á máa gbọ̀n, tàbí kó kọ̀ láti fún un gbẹ. Ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta irú rẹ̀ kún un.